Bí géèmù bá ti le, àwòrán á lọ, fáànù á ta sókè: ṣé káàdì ni àbí iná?

omo_bodija, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù mi ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá ń wo fídíò tàbí tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kò sí wàhálà. Géèmù bọ́ọ̀lù náà kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ bí mo bá ṣí Cyberpunk 2077, kò ní pẹ́ rárá tí àwòrán á fi lọ. Monitor á kọ "No Signal", fáànù ara káàdì tó ń gbé àwòrán wá á sì máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ohùn géèmù ṣì máa ń dún fúngbà díẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi lórí Discord tó ń bi mí pé kí ló dé tí mo dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, àfi kí n di bọ́tìnnì mú kó kú.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: káàdì RTX 3080, processor Ryzen 5 5600X, RAM 16GB, power pack (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀) 650W. Káàdì nìkan ni tòkunbọ̀, tuntun ni mo ra ìyókù. Mo ti pààrọ̀ wáyà HDMI, mo ti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, bákan náà ló rí. Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n mú káàdì náà wá kí òun fi blower, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, sí i. Ẹ̀rù ń bà mí.

kiniun_ikeja, Èkó

Àbúrò, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Káàdì yẹn ti ń kú lọ ni. Àwọn 3080 tòkunbọ̀ tó wà nígboro yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Ethereum pa irú iṣẹ́ yẹn tì ní September 2022, ṣe ni àwọn tó ní wọn dà wọ́n sọ́jà. À ń rí wọn níbí ní Computer Village dáadáa. Wá ẹni tó mọ blower lò, kó tún léèdì abẹ́ ṣípù rẹ̀ yọ́, tàbí kí o tètè tà á nígbà tó ṣì ń gbé àwòrán wá.

asake_manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Káàdì tí wọ́n ti lò ní ìlòkulò máa ń kìlọ̀ kó tó lọ: àwọ̀ á máa rú, ìlà àti tóótòòtó á kún ojú skíríìnì, géèmù á máa já padà sí desktop. Tirẹ̀ ò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Àwòrán lọ, fáànù ta dé òkè pátápátá, ohùn ń dún. Ìyẹn ni pé Windows ṣì wà láàyè, káàdì nìkan ló ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Fáànù tó ń pariwo yẹn ò sì túmọ̀ sí pé ooru pọ̀. Bí káàdì ò bá rí ẹni tó ń darí fáànù rẹ̀ mọ́, ó máa ń sá a dé òpin kí nǹkan má baà jóná ni.

Ní ti blower, ẹni tó bá fi í sí i báyìí lè sọ káàdì tó dá ṣáká di aláìsàn. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé ṣípù ló ń ṣe é, ìwòsàn blower kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ padà.

omo_bodija, dá mi lóhùn: wáyà mélòó ló ti inú power pack wá sára káàdì? Orí mélòó kọ́ ni mò ń bi ọ́ o, wáyà ni mo sọ.

ajagun_fps, Àkúrẹ́

Kí a tó dé ibi wáyà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ driver (ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) wò, torí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni Windows máa ń fún káàdì láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, á ta driver jí fúnra rẹ̀. Bó bá rí i ta jí, skíríìnì á ṣú lẹ́ẹ̀kan, àwòrán á padà, Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ Windows, á sì kọ nọ́ńbà 4101 sílẹ̀.

Nígbà tó bá tún ṣe é, tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀. Ìyẹn náà ń ta driver jí. Bí àwòrán bá padà wá, driver ni ká bá wí. Lẹ́yìn náà, wọ Safe Mode, fi ètò tí wọ́n ń pè ní DDU nu driver àtijọ́ kúrò, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pa íntánẹ́ẹ̀tì kí Windows má baà sáré fi tirẹ̀ sí i. Ohun tó yanjú tèmi nìyẹn, tí wọ́n ti ní kí n lọ ra káàdì míì.

omo_bodija

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo ti ṣe ti DDU, kò yí nǹkan kan padà. Bọ́tìnnì mẹ́rin yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, àwòrán ò padà. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: nígbà tí ohùn ṣì ń dún, bí mo bá tẹ Caps Lock, iná rẹ̀ ń tàn, ó ń kú. Mi ò rí 4101 nínú Event Viewer. Kernel-Power 41 ló kún ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ pupa.

Àǹtí Àṣàkẹ́, wáyà kan ṣoṣo ni, olórí méjì. Orí kejì ti ara orí kìíní jáde. Ẹni tó bá mi tò ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa mọ́ lójú.

kiniun_ikeja

Kernel-Power 41! Power pack nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti parí, lọ ra 850W.

baba_soda, Abẹ́òkúta

Kìnnìún, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káàdì ló kú. Nígbà tó di ọ̀sán, power pack ni. Fara balẹ̀.

Nọ́ńbà 41 yẹn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà tún tàn láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ kí wọ́n pa á. Ọmọ yìí ti sọ fún wa pé òun fúnra òun ló ń di bọ́tìnnì mú. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, 41 kan á wọlé. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ lójijì, 41 ni. Ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí.

Wáyà olórí méjì yẹn ni mo fẹ́ ká wò. 320W ni 3080 ń jẹ. Ihò tó jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù lè fún un ní 75W, orí wáyà 8-pin (olójú mẹ́jọ) kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150W. Bí a bá rò ó lórí ìwé, 375W ni àpapọ̀, ó tó o sì ṣẹ́kù. Àmọ́ ojú wáyà kan náà ni orí méjèèjì ti ń mu. Nǹkan bíi 250W ló ń gba ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún 150W. Bí iná bá pọ̀ lọ́nà tóóró, fóltéèjì á máa já wálẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. 12V ló kúrò nínú power pack, ohun tó dé ẹnu káàdì lè má tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìlànà ATX, ìlànà àwọn power pack, tí a ti ń lò bọ̀ ò fàyè gba kó kéré ju 11.4V lọ.

Ẹ tún fi ti pé káàdì yìí kì í jẹun dọ́gba sí i. Fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè ta kọjá 400W, kó sì padà kí mítà ara ògiri tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Torí ẹ̀ ni àwọn tó ṣe 3080 fi ní kí power pack má kéré sí 750W.

kiniun_ikeja

Bàbá, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ ṣàlàyé èyí fún mi: bó bá jẹ́ iná ni, ṣebí odidi kọ̀ǹpútà ló yẹ kó kú pátápátá? Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Discord kẹ̀!

asake_manchester

Ìyẹn bó bá jẹ́ power pack ló pa ara rẹ̀. Nígbà náà, gbogbo ẹ̀ ló máa kú fíìn. Ṣùgbọ́n káàdì náà ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ó ń wo iná tó ń gba ẹnu 8-pin kọ̀ọ̀kan wọlé, bí kò bá tó, òun nìkan á pa ara rẹ̀. Processor, RAM àti bọ́ọ̀dù ń gba iná láti ojú wáyà mìíràn, wọn ò mọ nǹkan kan sí i. Wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ títí Windows á fi nílò káàdì tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló máa há sí.

Omo_bodija, kí a má máa rò ó lásán. Gba HWiNFO64, ètò tó ń ka ooru àti iná, jẹ́ kó máa kọ gbogbo nọ́ńbà sínú fáìlì bó o ṣe ń ta géèmù. Nígbà tó bá kú, tún un tàn, ka ìlà tó gbẹ̀yìn. Wá "GPU Hot Spot" (ibi tó gbóná jù lára ṣípù), "GPU Memory Junction" (ooru memory káàdì) àti fóltéèjì 8-pin. Lẹ́yìn náà, ṣí MSI Afterburner, ètò tí a fi ń darí káàdì, fa power limit (òdiwọ̀n iná tó lè jẹ) wá sí 70%, kó o tún ta géèmù kan náà. Bí kò bá kú mọ́, o ti mọ ẹni tó ń ṣe ọ́.

dokita_houston

Ẹ jọ̀ọ́, kí ó tún wò bóyá riser (wáyà tó ń so káàdì mọ́ bọ́ọ̀dù) ló fi gbé káàdì náà ní òòró. Wáyà riser tí wọ́n ṣe fún PCIe 3.0, ìran àtijọ́ ihò káàdì, máa ń da àwọn káàdì tó ń sá PCIe 4.0 láàmú, tí àwòrán á kàn lọ báyìí gẹ́lẹ́. Tèmi kò ju pé kí n wọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù, kí n fi ihò náà sí Gen 3 (PCIe 3.0), ó tán. Kó tún wò bóyá káàdì náà ń tẹ̀ sílẹ̀. 3080 wúwo púpọ̀.

omo_bodija

Kò sí riser, ojú bọ́ọ̀dù gan-an ló jókòó sí. Ó tẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, mo ti fi ike kan gbé ìdí rẹ̀ ró, ìyẹn nìkan ò yanjú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà tí mo rí nígbà tó kú: ooru 74°C, Hot Spot 86, Memory Junction 94. Fóltéèjì 8-pin àkọ́kọ́ wà ní 11.9 lórí desktop. Nínú géèmù, ó ń lọ sókè sódò láàárín 11.5 àti 11.4. Ìlà tó gbẹ̀yìn kọ 11.3, kò sí nǹkan míì lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá fa power limit sí 70%. Mo ta Cyberpunk títí oorun fi gbé mi, kò kú!

ajagun_fps

Ooru ò sí níbẹ̀ nígbà náà. Memory 94 yẹn ga lóòótọ́, àmọ́ tó bá dé 110 ni irú memory yìí ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọyẹ́ bá lọ tán, ṣí ilé rẹ̀, fẹ́ eruku kúrò. Kì í ṣe ohun tó ń pa á nìyẹn.

omo_bodija

Ìbéèrè kan, ẹ dákun. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá ní wáyà 8-pin tó ṣẹ́kù lára power pack tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, àmọ́ mo ti gbé e wò, ó wọ ihò rẹ́gí. Ṣé kí n lò ó ní alẹ́ yìí?

asake_manchester

RÁRÁ O! Má tàn án!

baba_soda

Ọmọ mi, yọ wáyà yẹn kúrò níbẹ̀, dá a padà fún olówó rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ka ibí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí, torí òun ló ń pa nǹkan lójú mi jù.

Wáyà power pack tó ṣeé yọ, ó ní ẹnu méjì. Ẹnu tó ń wọ káàdì, bákan náà ló rí káyé, gbogbo olùṣe ló ń tẹ̀lé ìlànà kan. Ẹnu kejì tó ń wọ power pack ò ní ìlànà kankan. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tò ó bó ṣe wù ú. Ó lè wọlé rẹ́gí, kó há dáadáa, kí 12V sì máa ṣàn wọ ojú ibi tó yẹ kó jẹ́ ground (ojú tí iná ń gbà padà). Bó o bá ní oríire, power pack á kọ̀, kò ní tàn. Bó ò bá ní, èéfín lo máa kọ́kọ́ rí. Kódà ilé-iṣẹ́ kan náà lè to ti ọdún yìí yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà pé orúkọ ara wọn bára mu ò tó.

Ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní gbogbo hard disk òun kò fọhùn mọ́ látìgbà tí òun ti pààrọ̀ power pack. Power pack tuntun ló rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ tú wáyà àtijọ́ tó ti di mọ́ra wọn lẹ́yìn páálí, ó kàn fà wọ́n bọ inú tuntun. 12V ti wọ ojú 5V. Gbogbo disk náà ló jó, fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Bó bá di dandan kéèyàn lo wáyà mìíràn, kó gbé mítà, kó yọ wáyà náà kúrò lára gbogbo nǹkan, kó wọn ojú kọ̀ọ̀kan láti ẹnu kan dé èkejì, kó fi wé ti èyí tó bá power pack wá. Bí ojú kan ṣoṣo bá yàtọ̀, kó gbé e sọ nù. Àmọ́ ìwọ kọ́kọ́ lọ wo inú páálí tí wọ́n fi gbé power pack rẹ wá. 650W tuntun, wáyà 8-pin kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

omo_bodija

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Ó wà nínú páálí lóòótọ́, nínú ọ̀rá, wọn ò tíì ṣí i! Mo ti fi wáyà kọ̀ọ̀kan sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Mo dá power limit padà sí 100%. Fóltéèjì ò kúrò ní 11.8 nínú géèmù, àwòrán ò sì lọ mọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Lánàá, NẸ́PÀ mú iná, inverter gbà á, mo ń ta géèmù lọ. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà kú pátápátá, ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Fáànù ò ké rárá lọ́tẹ̀ yìí. Inverter 1kVA ni, fìríìjì wà lórí rẹ̀.

kiniun_ikeja

Èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ sì nìyí. 1kVA yẹn, nǹkan bíi 800W ló lè gbé, bó bá dára. Kọ̀ǹpútà rẹ nínú géèmù lè jẹ 450W sókè. Fìríìjì kì í pọ̀ bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ ìgbà tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fà ní ìlọ́po. Bí ìyẹn bá bọ́ sí ìgbà tí káàdì náà ń ta sókè, inverter á tẹrí ba.

Wo ara inverter náà: ṣé "pure sine wave" (iná tó ń ṣàn bíi ti NẸ́PÀ) ni wọ́n kọ síbẹ̀ àbí "modified" (àfarawé rẹ̀)? Power pack tòde òní tó ní active PFC, ẹ̀yà tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe, kì í bá modified rẹ́ dáadáa. Á máa kùn, ó sì lè ta ara rẹ̀ pa bí ẹrù bá pọ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ UPS olówó pọ́ọ́kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré I-pass-my-neighbour ńkọ́? Má dán an wò rárá. Bí ẹnì kan bá tan pọ́ńpù omi nínú ilé, fóltéèjì á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà o: ra 850W. Wáyà méjì yẹn dára, àmọ́ 650W ṣì kéré fún káàdì yẹn.

asake_manchester

Lórí ti inverter, mo fọwọ́ sí i. Lórí 850W, mi ò rò pé ó pọn dandan báyìí, pẹ̀lú bí nǹkan ṣe wọ́n ní Nàìjíríà. Kí ó ṣe undervolt, ìyẹn ni kó dín fóltéèjì ṣípù káàdì kù: nínú Afterburner, tẹ Ctrl + F, mú ojú 850mV lọ sí nǹkan bíi 1800MHz, kó sì tẹ́ gbogbo ìyókù lọ́wọ́ ọ̀tún pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ 3080 ló ń gba èyí. Bí géèmù bá ń já, kí ó dín 1800 náà kù díẹ̀díẹ̀. Iná tó ń jẹ á dín kù gan-an, fps (iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) tó máa sọ nù ò tó nǹkan, ooru memory náà á wálẹ̀. Kó ṣètò ìkejì sílẹ̀ fún ìgbà tí inverter bá ń ṣiṣẹ́: power limit 60%, kó fi géèmù sí 60fps.

baba_soda

Undervolt dára. Síbẹ̀, bí owó bá wọlé, 750W ni kí o rà, lọ́wọ́ ẹni tó máa fún ọ ní ìwé ẹ̀rí. Power pack tí wọ́n kọ 850W sí lára tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, má rà á, iye tó wù kí wọ́n pè é.

omo_bodija

"Modified" ni wọ́n kọ sí i lára o. Mo ti yọ fìríìjì kúrò lórí rẹ̀, ìyá mi ò tíì mọ̀. Mò ń ṣe ti undervolt lọ́wọ́.

ayo_saki

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Tèmi ń ṣú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán á sì padà fúnra rẹ̀. Fáànù ò ké, géèmù ò dúró. 1660 Super ni káàdì mi, wáyà DisplayPort ni mo lò. Ṣé kí èmi náà lọ wá wáyà kejì?

asake_manchester

Rárá, tìrẹ ò jọ tiẹ̀. 1660 Super ò ju 125W lọ, orí 8-pin kan ti tó o. Bí àwòrán bá ń lọ tó sì ń padà báyìí, wáyà DisplayPort ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Mú HDMI, lò ó ní ọjọ́ kan. Bí kò bá ṣú mọ́, ra DisplayPort tó kúrú, tí wọ́n fi àmì ẹ̀rí sí. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n so ojú tó jẹ́ nọ́ńbà 20 rẹ̀ pọ̀, tó yẹ kí wọ́n dá sí, iná á wá máa ti inú monitor padà sínú káàdì. Bó bá ṣì ń ṣú lórí HDMI, pa FreeSync, ohun tó ń mú monitor bá káàdì rìn pọ̀, lára monitor, kó o tún wò ó. Kó o ṣí ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ́tọ̀ kí a lè rí i tẹ̀ lé.